Ẹsẹ̀ Ìyàwó, Ẹsẹ̀ Máṣíìnì

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ìfẹ́ máa ń lé ẹ̀rù jáde. Ti Amatullah ọmọ Gàrúbà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ìfẹ́ Àbídì wọ ọkàn rẹ̀ ni ẹ̀rù ti tẹ̀ lé e wọlé, àwọn méjèèjì sì jọ ń gbé ibẹ̀ bí orogún tí kò bára wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀bá títì ní Ìkirè, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ ti máa ń dúró, ni òun àti Sàlámọ̀tù ìyá rẹ̀ ti ń ta dòdò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Ìbàdàn, ó fi irin roboto kan kọ́ ọrùn, ó gbé ìkejì dání. Òógùn ti bò ó. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, orí tábìlì dòdò ló gbé ti ọwọ́ rẹ̀ lé gbàgà.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ò ríran ni?" ni Amatullah figbe ta. "Orí oúnjẹ èèyàn lẹ gbé irin lé?"

"Ẹ má bínú, ó wúwo ni. Ẹsẹ̀ máṣíìnì ni."

"Ẹsẹ̀ wo? Èyí tí kò ní táyà?"

"Rííìmù rẹ̀ nìyí. Mo ṣì ń wá táyà tó máa bá a mu. Wíwá táyà fún rííìmù ò yàtọ̀ sí wíwá ìyàwó. Bó bá tóbi jù, wàhálà ni. Bó bá kéré jù, wàhálà ni."

"Ẹ gbé wàhálà yín kúrò lórí dòdò mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ra dòdò, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ata ta á lẹ́nu, omi ń jáde lójú rẹ̀, kò sì yéé rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ó tún ti Àpòmù yọjú, ó ní Àbídì lòun ń jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò dáwọ́ dúró mọ́. Ará Àpòmù wo ló ń wọkọ̀ wá jẹ dòdò ní Ìkirè lójoojúmọ́? Bí kò bá lóyún, ó ní ohun mìíràn tó ń wá.

Mẹkáníìkì ni Àbídì, ó sì mọ bí a ti ń jó irin pọ̀. Ògbólógbòó máṣíìnì kan tí wọ́n ti patì ló rà, ó tú u palẹ̀, ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un kọ́ di irú èyí tí wọ́n ń pè ní kafé résà. Ọwọ́ rẹ̀ á wálẹ̀, ìjókòó rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹni tó bá gùn ún á tẹ̀ mọ́ táńkì bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Gbogbo rẹ̀ ti ń bọ́ sípò," ló máa ń sọ fún Amatullah. "Ẹsẹ̀ nìkan ló kù. Bí ẹsẹ̀ ò bá dáa, asán ni gbogbo yòókù."

Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ara Amatullah á bù máṣọ. Kì í jẹ́ kó hàn.

Ṣé ẹ rí i, ẹnì kan ti wà ṣáájú Àbídì. Abdulkareem lorúkọ rẹ̀, tíṣà ni, ọmọlúàbí sì ni. Wọ́n ti mú ọjọ́ yìgì. Ìwé ìpè ló ń lọ pín ní Wásinmi tí táyà ẹ̀yìn ọ̀kadà tó gbé e fi bẹ́ lójijì. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Níbi tí wọ́n ti ń kí àwọn òbí rẹ̀ kú ará fẹ́ra kù, Amatullah jókòó sí ìdí ògiri, ó sì gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ẹsẹ̀ ọmọ yìí ò dáa. Kò tíì wọlé ọkọ, ọkọ ti wọlẹ̀."

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ṣe rí láàárín wa. Ìyàwó wọlé, òwò ọkọ búrẹ́kẹ́, a ní ẹsẹ̀ rẹ̀ dáa. Ìyàwó wọlé, ìjì gbé òrùlé lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà la ó dá lẹ́bi. Ta ló ń bi ìjì? Láti ọjọ́ náà, bí Amatullah bá fẹ́ wọ ilé onílé, á kọ́kọ́ dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Àbídì wá la ẹnu pé òun fẹ́ ẹ, kì í ṣe èsì ìfẹ́ ló kọ́kọ́ fún un. Ìtàn Abdulkareem ló sọ fún un délẹ̀délẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀.

"Ó yẹ kí o mọ̀ kí o tó ránṣẹ́ sílé wa," ló wí.

"Èmi kì í gba irú ìyẹn gbọ́," ni Àbídì fèsì.

Èsì yẹn yá jù. Amatullah kíyè sí i, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ràn rẹ̀, ó sì gbé e mì.

Maimunah ló gba iṣẹ́ alárinà. Oníṣòwò aṣọ ni lọ́jà Àpòmù, ó mọ ìyá Àbídì, ó mọ ilé Gàrúbà, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹnu dídùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dárúkọ iṣẹ́ ọmọkùnrin náà níwájú Sàlámọ̀tù.

"Máṣíìnì kẹ̀?" ni Sàlámọ̀tù pariwo. "Máṣíìnì ló gba àna mi lọ́wọ́ mi, ẹ tún wá fi oní-máṣíìnì lọ̀ mí? Maimunah, ṣé o fẹ́ràn mi ṣá?"

"Ìyá Amatullah, ẹ fara balẹ̀. Kì í ṣe ọlọ́kadà. Ẹni tó ń tún un ṣe ni."

"Ẹni tó ń tún un ṣe kì í gùn ún ni?"

Gàrúbà ló gba alárinà sílẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá Amatullah, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bó bá sì sọ ọ́, ó tán. "Sàlámọ̀tù, ẹni tó jókòó sílé náà ń kú. Jẹ́ kí ọmọ náà wá, ká wò ó."

Àbídì wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn ẹbí rẹ̀ tẹ̀ lé e wá, wọ́n sì fi ọjọ́ yìgì sí ẹ̀yìn iléyá. Inú gbogbo èèyàn dùn. Amatullah náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọjọ́ yìgì tí wọ́n mú yẹn, bí ìgbà tí èèyàn dájọ́ ikú fún ọkọ rẹ̀ ló rí lára rẹ̀. Bí Àbídì bá pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé fóònù, ọkàn rẹ̀ á ti sin ín, á ti ṣàdúà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Nígbà tí ohùn ọkùnrin náà bá wá jáde pé "Mo ń jẹun ni o," á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ibi jókòó sí.

Nígbà tó lọ kí ìyá Àbídì ní Àpòmù, Àbídì mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ wo máṣíìnì náà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tuntun ti wà lábẹ́ rẹ̀, ó tóbi gbàǹgbà.

"Wò ó. Táyà 130, rííìmù íǹṣì mẹ́tàdínlógún. Bí mo ṣe rí i lórí fóònù gẹ́lẹ́ nìyẹn."

"Ó sanra."

"Sọ pé ó rẹwà."

"Ó rẹwà. Ṣé kò ní pa ọ́?"

"Táyà tó fẹ̀ ló ń di ilẹ̀ mú. Kí ló tún dé tí o fi ń wò mí bẹ́ẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan," ni Amatullah dáhùn. Ojú rẹ̀ ló ń wò kó má baà gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ sọ irú ìyẹn lójú ọ̀sán?

Ẹ gbọ́ ohun tó wá dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí Àbídì kọ́kọ́ gun máṣíìnì náà yí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ká, ó gbọ́ kírikíri lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Táyà náà ti fẹ̀ jù fún àyè tó wà níbẹ̀, ṣéènì sì ti ń jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ayùn. Ká ní orí títì ló ti bẹ́ ńkọ́? Ó fa fóònù yọ, ó pe Othniel, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta táyà àti rííìmù ní Ìbàdàn, tó bá a rà á lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò mìíràn. Ìgbà yẹn gan-an ni Maimunah ń bọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ aṣọ ìyàwó. Ó ti dé ẹ̀yìn páànù tí wọ́n fi ṣe ọgbà ṣọ́ọ̀bù nígbà tó gbọ́ ohùn Àbídì.

"Othniel, ẹsẹ̀ tí mo fẹ́ gbé wọlé yìí ò dáa o... Ó kàn dùn ún wò lójú lásán ni. Wàláì, pípa ni yóò pa mí... Rárá, mi ò ní dúró dìgbà yẹn, mo ti rí ohun tí mo rí. Màá dá a padà fún àwọn tó ni ín, kí n wá èyí tó bá mi mu... Gbogbo wàhálà tí mo ti ṣe lé e lórí ńkọ́? Ṣé ìyẹn wá ju ẹ̀mí lọ ni?"

Ká ní Maimunah wọlé! Ká ní ó kàn bi í pé, "Àbídì, ẹsẹ̀ ta lò ń wí?" Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ a máa rò pé òun ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó yí padà, ó wọkọ̀, ó di Ìkirè.

Aṣọ ìkélé lásán ló wà láàárín pálọ̀ àti yàrá tí Amatullah wà nígbà tí Maimunah dé. Kò sí ohun tí kò gbọ́.

"Ṣé ó dárúkọ ọmọ mi?" ni Sàlámọ̀tù béèrè.

"Ẹsẹ̀ ta ló tún kù tó máa sọ, Ìyá Amatullah? Ó ní ẹsẹ̀ tí òun fẹ́ gbé wọlé. Ó ní yóò pa òun. Ó ní òun máa dá a padà fún àwọn tó ni ín. Ta ló ni ín, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?"

"Sùbúhánàlọ́ọ̀!" ni Sàlámọ̀tù wí.

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà ò ya Amatullah lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí ẹni tó máa sọ ọ́. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ẹsẹ̀ kékeré, tí làálì ti ń ṣí lára èékánná wọn. 'Ó ti sá àsálà,' ló ń wí nínú ara rẹ̀. 'Ó ṣeun tó sá. Kó máa sá lọ. Ṣáà jẹ́ kó wà láàyè, Ọlọ́hun.' Ìgbà yẹn ni ẹkún wá gbọ̀n ọ́n.

Àbídì pè é, kò gbé e. Ó tún pè, kò gbé e. Nígbà tó wá fúnra rẹ̀, Sàlámọ̀tù dí ẹnu ọ̀nà.

"Amatullah ò sí nílé."

"Ìyá, bàtà rẹ̀ nìyí."

"Ṣé bàtà lo wá fẹ́ ni àbí èèyàn?"

Ọmọkùnrin náà ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Ó dúró títí, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó lọ. Amatullah wà lẹ́yìn fèrèsé, ó ń fetí tẹ̀ lé ìró ọ̀kadà tó gbé e títí tí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Gbogbo àdúà tó mọ̀ ló ṣe kí ọ̀kadà yẹn má ṣubú.

Nígbà tí Gàrúbà ti oko dé, tó bá ilé bí ilé ọ̀fọ̀, wọ́n sọ ọ́ fún un. Ó tẹ́tí gbọ́ ọ tán, ó ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ta ló ti bi Àbídì?"

"Kí la fẹ́ bi í?" ni Sàlámọ̀tù fọhùn. "Ká ní, ṣé lóòótọ́ lo ní ẹsẹ̀ ọmọ wa máa pa ọ́? Ta ló fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìyẹn?"

"Èmi," ni Amatullah dáhùn láti ẹnu ọ̀nà yàrá. "Ẹ jẹ́ kí n lọ, Bàbá."

Kì í ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ rò ló torí rẹ̀ lọ. Kò lọ gba ẹjọ́ ara rẹ̀ rò rárá. Ó fẹ́ lọ dá a sílẹ̀ ni, kó má di pé ọmọkùnrin náà á tìjú àwọn àgbà, tí á sì fi ìtìjú fẹ́ ikú sílé.

Ó bá Àbídì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àpòmù, níbi tó jókòó sí lórí ilẹ̀, tó ń fa sípóòkù rííìmù kan le lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbídì fò dìde. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Má sọ nǹkan kan," ni Amatullah wí. "Mo wá dá ọ sílẹ̀ ni. Má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì ọ́. Bó bá jẹ́ èmi, èmi náà á sá."

"Màá sá fún kí ni?"

"Fún ẹsẹ̀ mi. Maimunah gbọ́ ọ. O sọ fún Othniel pé ẹsẹ̀ tí o fẹ́ gbé wọlé ò dáa. O ní yóò pa ọ́. O ní wàá dá a padà fún àwọn tó ni ín."

Àbídì wo ilẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ Amatullah, ó tún wo ojú rẹ̀. Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó sì yí táyà gbàǹgbà nì jáde tòun ti rííìmù rẹ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ tí mo sọ nìyí. Othniel ò tíì rán ẹni wá gbé e. Wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

Amatullah bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ṣéènì ti jẹ ẹ́ ti ń ṣí okùn inú rẹ̀ síta.

"Ojúkòkòrò ló mú mi rà á," ni Àbídì ń wí, ọ̀rọ̀ ń sáré lẹ́nu rẹ̀. "Rííìmù ọ̀hún tẹ́ẹ́rẹ́, táyà fẹ̀, rííìmù wá fún un lọ́rùn, ó sì yọ iké. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi kọ́nà, á yọ̀ mọ́ mi lábẹ́. Èyí tí mo ń fà le yìí la máa lò. Íǹṣì méjìdínlógún níwájú, méjìdínlógún lẹ́yìn. Táyà 90 níwájú, 100 lẹ́yìn. Mo ti wọ̀n ọ́n, ìka mi wọ àárín òun àti ṣéènì fàlàlà. Kò lẹ́wà tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó máa gbé èèyàn délé. Amatullah, táyà ni mo ń bú!"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Amatullah. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Àbídì náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ tó dọ̀tí nu ojú.

"Fi ti táyà sílẹ̀," ni Amatullah wá wí. "Ìwọ gan-an ńkọ́? Ṣé o ò tíì rò ó rí, nípa ẹsẹ̀ tèmi?"

Ibi tó ti yẹ kí ọkùnrin tó gbọ́n purọ́ nìyẹn. Ẹnu Àbídì tilẹ̀ ti yà láti purọ́. Ó wá pa á dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Mo ti rò ó," ló wí. "Ọjọ́ tí mo gbọ́ kírikíri yẹn, kí n tó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé, ó ti dé. Ohun tí wọ́n ń wí ti dé. Mo tìjú ara mi. Ìdí tí mo fi ń pariwo lórí fóònù bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ kó jẹ́ táyà."

Ó dun Amatullah wọ egungun. Síbẹ̀, láti ìgbà tí Abdulkareem ti kú, ẹni àkọ́kọ́ nìyí tó sọ ọ́ sí i lójú, tí kò sọ ọ́ lẹ́yìn ògiri.

"Ṣé ó ṣì ń bà ọ́ lẹ́rù?"

"Ó ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ò gbé fóònù mi, tí màmá rẹ dí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rù ìyẹn ju ẹ̀rù ikú lọ. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Iye ìgbà tí mo ti sin ọ́ lọ́kàn mi, mi ò lè kà á mọ́."

Lójú títì, àwọn ọlọ́kadà ń kọjá, wọ́n ń fọn fèrè.

"Ẹ̀yìn iléyá ò jìnnà mọ́," ni Amatullah wí níkẹyìn.

"Pẹ̀lú ẹ̀rù yìí?"

"Kí la tún ní tá a lè fi ṣe é?"

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé Ìkirè, Gàrúbà rẹ́rìn-ín débi tó fi ń wúkọ́. Sàlámọ̀tù ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Maimunah, o fẹ́rẹ̀ẹ́ fi táyà tú ilé mi ká," ló wí, Maimunah sì wólẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, bí alárinà yẹn bá gbọ́ ohùn lẹ́yìn ògiri, wíwọlé ló máa ń wọlé lọ wo ohun tí wọ́n ń sọ.

Wọ́n so yìgì náà. Ààfáà béèrè bóyá Amatullah gbà, ó ní òun gbà, gbogbo pálọ̀ sì gbọ́ ọ. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin kọrin sin ín lọ sí Àpòmù. Ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ ni ìyá Àbídì ti ń dúró dè é, ó gbé omi dání, nítorí a kì í jẹ́ kí ìyàwó wọlé láìfọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi kan ẹsẹ̀ Amatullah, ó tutù. Ẹsẹ̀ náà ò wá kúrò lójú kan mọ́.

Orin dákẹ́. Àwọn tó mọ̀ nípa Abdulkareem ń wo ojú ara wọn. Sàlámọ̀tù ti di aṣọ ara rẹ̀ mú lẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Amatullah wo abọ́ omi, ó rí i pé ìyá Àbídì ti fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú gírígírí. Ìyá ọkọ rẹ̀ náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ̀rù sì ń bà á, ṣùgbọ́n kò gbé abọ́ náà kúrò.

"Wọlé, ọmọ mi," ni obìnrin náà wí wẹ́lẹ́. "Bísímílà."

Nínú lọ́hùn-ún, Àbídì dúró nínú aṣọ funfun. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Kò juwọ́ sí i, kò sì kúrò níbi tó wà. Amatullah gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wọlé.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó jí kí wọ́n tó pe ìrun. Kò mira. Ó rọra gbé etí sún mọ́ imú ọkọ rẹ̀. Ó gbọ́ èémí. Ó tún dúró gbọ́ ìkejì.

"Kí lò ń gbọ́?" ni Àbídì béèrè, ojú rẹ̀ ò tíì là.

"Ìwọ."

"Ṣé mo ṣì wà?"

"O ṣì wà."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe láràárọ̀, tí Àbídì kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí oorun gbé e lọ pátápátá. Oòrùn ti wọ yàrá kó tó jí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo, Àbídì ti ń tẹ máṣíìnì lẹ́yìnkùlé. Amatullah yí ara padà, ó ń ráhùn pé ariwo máṣíìnì yìí ò jẹ́ kí èèyàn sùn. Ó ti wẹ̀ tán, ó ti dáná tán, kó tó rántí pé òun ò tíì tẹ́tí sí èémí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.